Bí A Ṣe Ń Pa Bíárìn Kí Wọ́n sì Yìn Wá: Ìwé Ìtọ́sọ́nà fún Òmùgọ̀

Ìwé yìí kì í ṣe ti ọlọ́gbọ́n. Ọlọ́gbọ́n ti ní ìwé tirẹ̀. Ó nípọn, nọ́ńbà ló kún inú rẹ̀, eruku sì ti bò ó nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀, ìwọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ṣe alábòójútó ẹ̀rọ ní ilé-iṣẹ́ kan ní Ìlú Bìní, bóyá nítorí pé àbúrò ìyàwó máníjà ni ọ́, bóyá nítorí pé o ti tún jẹnẹrétọ̀ kékeré ṣe rí tó sì dáhùn. Má fòyà. Iṣẹ́ náà kò le. Láàárín ọdún kan péré, o lè pa mọ́tò iná tó yẹ kó lo ogún ọdún, kí wọ́n sì fún ọ ní ìwé ẹ̀rí òṣìṣẹ́ tó fakọyọ jù lọ.

Mọ́tò iná tí mò ń wí kì í ṣe èyí tó ń yí fáànù inú yàrá. Àwọn ńlá ni, tí ọ̀kan nínú wọn lè wúwo tó tọ́ọ̀nù kan àbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n wà níbi tí wọ́n ti ń fún epo pupa ní Obaretin àti Okomu, wọ́n wà nínú ilé ọtí lórí Òkè Ikpoba, wọ́n wà níbi tí wọ́n ti ń lọ símẹ́ńtì ní Okpella, lápá òkè ìpínlẹ̀ Ẹdó. Mi ò bá èyíkéyìí nínú àwọn wọ̀nyí wí o. Òmùgọ̀ tí mò ń kọ́ kò ní àdírẹ́sì, kò sì sí ilé-iṣẹ́ tí kò ní tirẹ̀.

Kí o tó lè ba nǹkan jẹ́ dáadáa, ó yẹ kí o mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ díẹ̀. Inú mọ́tò yìí, irin gígùn kan ló ń yí, ìyẹn ṣáàfù. Bíárìn méjì ló gbé e: ọ̀kan wà ní ìdí kọ́pílìn, níbi tí mọ́tò ti so mọ́ páǹpù tàbí fáànù tó ń wà, èkejì wà lẹ́yìn. Bí ìpìlẹ̀ bá ń rì, bí kọ́pílìn bá wọ́, bí iná tó ń wọlé kò bá dọ́gba, bí páìpù bá ń fa páǹpù lọ sápá kan, orí àwọn bọ́ọ̀lù irin kéékèèké inú bíárìn méjì yẹn ni gbogbo ìjà náà ń já sí. Nítorí náà, ohunkóhun tó bá bàjẹ́, bíárìn ló máa kọ́kọ́ pariwo. Ibí yìí ni gbogbo ọgbọ́n òmùgọ̀ ti bẹ̀rẹ̀: ẹni tó bá pariwo ni kí a mú. Máa pààrọ̀ bíárìn, má sì béèrè ohun tó pa á.

Ìgbésẹ̀ kìíní ni etí. Àwọn àgbà oníṣẹ́ máa ń fi ẹnu skrúdíràfà kan ilé bíárìn, wọ́n á fi ìdí rẹ̀ ti egungun ẹ̀gbẹ́ etí, wọ́n á sì gbọ́ ohun tó ń lọ nínú. Àléébù wọn ni pé wọ́n ń ṣe é nígbà tí ara mọ́tò ṣì dá, kí wọ́n lè mọ ohùn ìlera rẹ̀, kí wọ́n sì mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ tó bá yí padà. Ìwọ má dà á láàmú. Dúró títí ariwo yóò fi dé géètì, tí ìyá oníbọ̀ọ̀lì tó wà níwájú ilé-iṣẹ́ yóò fi béèrè ohun tí ẹ ń lọ̀ nínú ibẹ̀.

Bí o bá dúró tó bẹ́ẹ̀, o ti ṣe dáadáa, nítorí etí ènìyàn ló máa ń gbọ́ kẹ́yìn. Nígbà tí ojú ibi tí bọ́ọ̀lù ń yí lé bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sán lábẹ́nú, ìró tó ń jáde ga ju ìgbà 20,000 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan; ajá lè gbọ́ ọ, ìwọ àti èmi kò lè gbọ́ ọ. Ohun èlò kan wà tó ń sọ ìró bẹ́ẹ̀ di ohun tí etí lè mú. Ọ̀sẹ̀ á gorí ọ̀sẹ̀, nígbà míràn oṣù á gorí oṣù, kí àmì náà tó sọ̀kalẹ̀ débi tí ẹ̀rọ tó ń wọn gbígbọ̀n ti máa rí i kedere, lẹ́yìn ìyẹn ni skrúdíràfà, lẹ́yìn náà ni ìyá oníbọ̀ọ̀lì. Gbogbo àkókò yẹn ni ọlọ́gbọ́n ti fi ń ra bíárìn ní owó tó dára, tó sì ń mú ọjọ́ tí iṣẹ́ kò ní pọ̀ láti fi í sí i. Ìwọ á rà á ní alẹ́ Sátidé, ní iye tí ẹni tó ń tà á bá sọ.

Ṣùgbọ́n ìkọ̀kọ̀ kan wà tí mi ò fẹ́ kí o pàdánù rẹ̀. Nígbà tí bíárìn bá wà ní bèbè ikú gan-an, tí ojú ọ̀nà rẹ̀ ti jẹ tán, àwọn àmì tó mú ṣáṣá tẹ́lẹ̀ á pòórá. Ìró kan tó dàpọ̀ ṣáá ló máa kù, nọ́ńbà tí wọ́n ń kà ní ìró gíga sì lè wálẹ̀. Àkókò náà gan-an ni kí o lọ bá máníjà, kí o sọ fún un pé mọ́tò ti ń gbádùn.

Bí o bá fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ojú rẹ ti là, gbé fóònù lé orí mọ́tò, kí o ṣí ápù tó ń wọn gbígbọ̀n. Èyí tó wà nínú ọ̀pọ̀ fóònù ń ka gbígbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 100 sí 400 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, kò sì lè rí ju ìdajì ìyẹn lọ. Ọgbẹ́ bíárìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Fóònù yóò sọ fún ọ pé kò sí ìṣòro, yóò sì ya àwòrán aláwọ̀ mèremère fún ọ láti fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp àwọn ọ̀gá.

Ìgbésẹ̀ kejì kò sí. Òmùgọ̀ kì í ka nǹkan tẹ̀lé ara wọn.

Ìgbésẹ̀ kẹta ni nọ́ńbà, mo sì gbà ọ́ nímọ̀ràn pé kí o sá fún un. Láti 1939 ni ẹnjiníà kan ní Amẹ́ríkà, T.C. Rathbone, ti ya àtẹ kan tó fi hàn bí gbígbọ̀n ẹ̀rọ ṣe lè pọ̀ tó kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó di ọ̀rọ̀ àtúnṣe. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn àjọ àgbáyé kọ ìlànà tiwọn. ISO 10816-3, tí ISO 20816-3 gba ipò rẹ̀ ní 2022, sọ pé bí mọ́tò tó ju 300 kìlówáàtì lọ bá jókòó lórí ìpìlẹ̀ tó le, tí gbígbọ̀n rẹ̀ kò sì ju mìlímítà 2.3 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, tuntun ni. Títí dé 4.5, ó lè máa ṣiṣẹ́ lọ láìsí ìdíwọ́. Láti 4.5 dé 7.1, kí wọ́n máa múra àtúnṣe. Tó bá ti kọjá 7.1, ó ń ba ara rẹ̀ jẹ́ lọ́wọ́lọ́wọ́.

O rí i bí nọ́ńbà wọ̀nyí ṣe ń dí ènìyàn lọ́wọ́? Bí o bá kọ wọ́n sílẹ̀ lóṣooṣù, ní ibi kan náà, lórí bíárìn méjèèjì, ní ìbú, ní òró àti ní ìhà tí ṣáàfù dojú kọ, nígbà tí iṣẹ́ tí mọ́tò ń ṣe kò yàtọ̀, ọmọ iṣẹ́ ọdún kan á lè wo ìwé náà kó sì sọ pé, “Ọ̀gá, ẹ wò ó, 1.8 ni ní oṣù Kẹta, 2.6 ní oṣù Kẹrin, 3.9 rèé.” 3.9 ṣì wà lábẹ́ ìlà, ṣùgbọ́n ọmọ náà ti mọ̀ pé ohun kan ń bọ̀. Kí lo wá fẹ́ sọ? Nítorí náà, bí wọ́n bá fipá mú ọ kọ nọ́ńbà, máa wọ̀n ọ́n ní ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lójoojúmọ́, lọ́jọ́ kan lórí ìdérí fáànù ẹ̀yìn, lọ́jọ́ kejì lórí àpótí wáyà. Tàbí kí o jókòó sí ọ́fíìsì, kí o kọ 2.1 fún gbogbo oṣù.

Níbí, kí n fi ẹ̀fẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan díẹ̀. Ní ibùdó iná olómi tí wọ́n ń pè ní Sayano-Shushenskaya ní Rọ́ṣíà, tọ́bàìnì kejì ń gbọ̀n ju bó ṣe yẹ lọ, wọ́n sì ń lò ó bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹjọ 2009, àwọn bóòtù tó de ìdérí rẹ̀ já, omi gbé e sọ sókè, ènìyàn 75 kú. Nínú bóòtù 49 tí wọ́n rí yẹ̀ wò, 41 ló ti ń sán díẹ̀díẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mọ́tò ti ìwọ kò tóbi tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ kọ́pílìn tó bá fò jáde láàárín ilé-iṣẹ́ kì í béèrè orúkọ ẹni tó máa bà.

Ó dára, ẹ jẹ́ ká padà sí ìwà òmùgọ̀. Àwọn ọlọ́gbọ́n tún ní ìwà kan tó ń bí mi nínú: wọ́n ń pín gbígbọ̀n sí wẹ́wẹ́. Ká sọ pé mọ́tò ń yí ìgbà 1,485 ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn nǹkan bí 24.75 ní ìṣẹ́jú-àáyá. Bí gbígbọ̀n bá pọ̀ ní 24.75 gan-an, wọ́n á ní ohun tó ń yí kò dọ́gba níwúwo, bóyá ìdọ̀tí ti lẹ̀ mọ́ abẹ fáànù. Bó bá pọ̀ ní ìlọ́po méjì rẹ̀, tó tún ń ti ṣáàfù síwá sẹ́yìn, wọ́n á fura pé mọ́tò àti páǹpù kò sí lórí ìlà kan. Bó bá wà ní 100 géérégé, wọ́n á wo ìhà iná, nítorí iná tiwa jẹ́ ti 50, agbára òòfà inú mọ́tò sì ń fà lẹ́ẹ̀mejì nínú ìyípo iná kan. Bí bíárìn bá ní bọ́ọ̀lù 8, tí òrùka òde rẹ̀ sì ní ọgbẹ́, àmì á yọ ní nǹkan bí 79. Bó bá jẹ́ òrùka inú, nǹkan bí 119. Ẹ wò ó, 79 àti 119 kò bá 24.75 pín dọ́gba. Èyí ni wọ́n fi ń mọ̀ pé bíárìn fúnra rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀, pé kì í ṣe ẹlòmíràn ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Ó tún burú jù bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní àyẹ̀wò kan tí kò ná wọn ní kọ́bọ̀. Nígbà tí mọ́tò bá ń gbọ̀n, wọ́n á pa iná lójijì, wọ́n á sì máa wò ó bó ṣe ń sáré lọ sílẹ̀. Bí gbígbọ̀n bá kú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí iná kú, ọ̀rọ̀ iná ni. Bó bá ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí eré ṣe ń dínkù, ọ̀rọ̀ irin ni. Wọ́n tún lè tú kọ́pílìn kí wọ́n jẹ́ kí mọ́tò dá yí. Bí ara rẹ̀ bá balẹ̀, wọ́n á yáa lọ dojú kọ páǹpù. Ìwọ ńkọ́? Ní Bìní, iná máa ń kú fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé o ṣe àyẹ̀wò kankan, ṣùgbọ́n nígbà tó bá kú, má wo mọ́tò. Lọ tan jẹnẹrétọ̀.

Bí a ti mẹ́nu ba iná yìí, fíísì mẹ́ta ló ń bọ́ mọ́tò ńlá, ó sì yẹ kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dọ́gba. Àwọn ará Àkúrẹ́ àti Adó-Èkìtì tí wọ́n ti bá àwa ará Bìní pín ilé-iṣẹ́ apínná kan náà mọ̀ pé ìdọ́gba kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń retí lójoojúmọ́. Bí fólítéèjì fíísì bá yà kúrò lára ara wọn ní ìdá 1 péré nínú ọgọ́rùn-ún, kọ́réǹtì tó ń wọ mọ́tò lè yà ní ìdá 6 sí 10. Bó bá yà ní ìdá 3.5, ooru kọ́ìlì lè fi nǹkan bí ìdá 25 lé. Ooru náà á rìn gba inú ṣáàfù dé inú bíárìn, á sì se giríìsì. Ẹni tó ní mítà tó kéré jù á fi wọn fíísì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lójú pánẹ́ẹ̀lì kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ìwọ fi wọ́n sílẹ̀. Ṣé ìwọ lo ń pín iná ni?

Ìpìlẹ̀ ni ìṣòro tó wù mí jù, nítorí ìlú yìí dà bíi pé wọ́n dá a fún òmùgọ̀ oníbíárìn. Ilẹ̀ pupa oníyanrìn ni ilẹ̀ Bìní, òjò sì ń rọ̀ débi tó fi ń gbẹ́ ọ̀gbun sáàárín àdúgbò. Ẹni tó bá ti dé ẹnu ọ̀gbun Queen Ede á mọ ohun tí mò ń wí. Ilé-iṣẹ́ tí kò bá ní gọ́tà tó dára, omi á máa fọ yanrìn kúrò lábẹ́ kọnkéré mọ́tò, kọnkéré á rì ní igun kan, mọ́tò á sì dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta. Bí o bá wá de bóòtù ẹsẹ̀ kẹrin mọ́lẹ̀ tagbára tagbára, egungun mọ́tò á wọ́, bíárìn á wọ́ tẹ̀lé e. Ọlọ́gbọ́n á tú bóòtù kọ̀ọ̀kan, á wo iye tí ẹsẹ̀ náà gbéra sókè, á fi ṣíìmù pẹlẹbẹ dí i. Ìwọ wá ọmọkùnrin tó lágbára jù, fún un ní spánà gígùn àti páìpù, kó fà á títí bóòtù yóò fi sunkún.

Ìlú mìíràn ti ní irú ìṣòro yìí rí. Ní Gothenburg ní Sweden, ẹnjiníà ilé-iṣẹ́ aṣọ kan, Sven Wingquist, rí i pé ilẹ̀ amọ̀ tí wọ́n kọ́ ilé-iṣẹ́ náà lé ń rì, ṣáàfù gígùn ń wọ́, bíárìn ń kú léraléra. Ó lè máa ra bíárìn lọ bíi tìrẹ. Ọ̀gbẹ́ni náà kò ní sùúrù òmùgọ̀. Ó jókòó, ó ronú, nígbà tó di 1907 ó ti ṣe bíárìn oníbọ́ọ̀lù ìlà méjì tó lè tẹ̀lé ṣáàfù bó ṣe ń wọ́. Láti ibẹ̀ ni SKF ti bẹ̀rẹ̀. O rí ohun tí ìbéèrè máa ń fà.

Nígbà tí o bá ń so mọ́tò mọ́ páǹpù, lo ojú. Fi igi rúlà lé kọ́pílìn méjèèjì, di ojú kan, sọ pé “ó wà lórí ìlà.” Àwọn tó ń fi lésà wọ̀n ọ́n ń wá ìdá mélòó kan nínú ọgọ́rùn-ún mìlímítà, ó hàn gbangba pé wọn kò ní nǹkan ṣe. Rọ́bà inú kọ́pílìn á gbà á, àbí? Rọ́bà á gbà á lóòótọ́, kò ní fọ́ kíákíá, ṣùgbọ́n ẹrù tó kù, bíárìn ló máa gbé e. Ìṣirò kan wà tí àwọn tó ń ṣe bíárìn ń lò: bí ẹrù bíárìn oníbọ́ọ̀lù bá di ìlọ́po méjì, ọjọ́ ayé rẹ̀ á di ìdá kan nínú mẹ́jọ. Mọ́tò tó yẹ kó ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́jọ á ṣe ọdún kan. Fún iṣẹ́ tìrẹ, èyí dára gan-an.

Ohun kan ṣoṣo tí mi ò ní bá ọ ṣàwàdà lé lórí ni èyí: kí o tó fi ọwọ́ kan kọ́pílìn, pa iná, fi kọ́kọ́rọ́ ti suwíìṣì, fi kọ́kọ́rọ́ náà sápò ara rẹ. Mo fẹ́ kí òmùgọ̀ mi pẹ́ láyé.

Giríìsì wá kù. Èyí ni àgbà gbogbo ẹ̀ṣẹ̀, nítorí ó fi ara jọ ìtọ́jú. Bíárìn bá ti pariwo, gbé gọ́ọ̀nù giríìsì, fún un. Ó bá tún pariwo, tún fún un. Bí ọmọ bá ń sunkún inú rírun, tí o wá ń rọ èkọ sí i lẹ́nu, ó máa dákẹ́ díẹ̀ nítorí ẹnu rẹ̀ kún. Bíárìn náà á dákẹ́ bẹ́ẹ̀, fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Wò ó bó ṣe yẹ: bíárìn 6319 tó wà nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò irú èyí, ìbú òde rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 200, fífẹ̀ rẹ̀ 45. Wọ́n á ṣe 200 lọ́nà 45 lọ́nà 0.005, giráàmù 45 ló jáde. Giráàmù 45 ni gbogbo ohun tó ń fẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Káátírììjì tó wà nínú gọ́ọ̀nù rẹ gba 400. Tú gbogbo rẹ̀ sí i! Bọ́ọ̀lù á máa wẹ̀ nínú giríìsì, ooru á gòkè, òróró á yọ́ jáde kúrò nínú ọṣẹ giríìsì, èyí tó kù á jáde gba inú mọ́tò lọ lẹ̀ mọ́ kọ́ìlì. Bí ooru bíárìn bá ti kọjá 70 lórí ìwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì, gbogbo 15 tó bá tún fi lé e ń gé ọjọ́ ayé giríìsì sí méjì.

Má sì bìkítà nípa irú giríìsì tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Èyí tó wà nínú mọ́tò lè jẹ́ oní-polyurea, tí ìwọ sì ní oní-lithium tí wọ́n ń fi sí ẹsẹ̀ tirélà. Da àwọn méjèèjì pọ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọn kì í bá ara wọn rẹ́: àdàpọ̀ náà á yọ́ bí omi tàbí kó le, ọ̀nà méjèèjì sì dára fún wa. Ẹnu ihò giríìsì náà kò nílò nínù. Iyanrìn tó bá bá a wọlé jẹ́ èrè.

Ní ọjọ́ tí bíárìn bá wá kú, tí ilé-iṣẹ́ dákẹ́, tí máníjà ń rìn síwá sẹ́yìn, ọjọ́ ìyìn rẹ nìyẹn. Lọ sí ọjà ẹ̀yà ọkọ̀ ní Uwelu, kí o béèrè bíárìn mọ́tò iná. Fi ihò rẹ̀ wọn ìka rẹ. Lára bíárìn àtijọ́ ni wọ́n kọ 6319 C3 sí. 19 tó wà ní ìdí yẹn, tí o bá sọ ọ́ di ìlọ́po márùn-ún, 95 ló jáde, ìyẹn ìbú ihò ní mìlímítà. C3 ń sọ pé àyè inú rẹ̀ fẹ̀ díẹ̀ ju ti gbogbo ayé lọ, nítorí òrùka inú bíárìn mọ́tò ń gbóná ju ti òde, ó sì ń wú. Ra èyí tí kò ní C3. Á fún mọ́ra nígbà tó bá gbóná. Bí páálí rẹ̀ bá ní orúkọ ilé-iṣẹ́ ńlá kan, tí lẹ́tà kan nínú orúkọ náà sì wọ́, má jiyàn. Ó rọ̀ jù lówó.

Fífi bíárìn sí ṣáàfù ni eré tó dùn jù. Ọlọ́gbọ́n á mú un gbóná dé nǹkan bí 110 lórí ìwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì, á rọra tì í wọlé pẹ̀lú ọwọ́ tó wọ ìbọ̀wọ́. Ìwọ gbé òòlù. Gbá òrùka òde nígbà tó jẹ́ pé òrùka inú ló ń fún mọ́ ṣáàfù, kí gbogbo ìgbá náà lè gba inú bọ́ọ̀lù kọjá. Bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan á fi ojú rẹ̀ sílẹ̀ lára irin, o ti bímọ ọgbẹ́ kí mọ́tò tó yí lẹ́ẹ̀kan. Bí òòlù kò bá ṣiṣẹ́, pe wẹ́dà kó fi iná gáàsì yan án títí yóò fi di aláwọ̀ aró. Bó bá tún fẹ́ fi iná mànàmáná jó irin kan níbẹ̀, kó má gbàgbé láti fi wáyà ẹ̀yìn ẹ̀rọ ìjórin rẹ̀ há ara fáànù, níbi tó jìnnà sí ibi tó ń jó irin, kí kọ́réǹtì náà lè gba inú bíárìn wá ọ̀nà dé ilé.

Bí o bá ní láti gbé mọ́tò náà lọ sí Èkó fún àtúnṣe kọ́ìlì, má ti ṣáàfù rẹ̀ pa. Ọ̀nà Bìní sí Ọ̀rẹ̀ sí Ṣàgámù jẹ́ nǹkan bí 300 kìlómítà títí dé Èkó. Rótọ̀ ńlá, ìyẹn ṣáàfù àti irin tó wà lára rẹ̀, tó ń fò lórí bíárìn méjì tí kò yí, láti Ọ̀fọ̀sù títí dé Ìjẹ̀bú-Òde, á gbẹ́ ihò kéékèèké sójú ọ̀nà bọ́ọ̀lù, ihò kan sí abẹ́ bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan. Ó lè padà dé pẹ̀lú kọ́ìlì tuntun, pẹ̀lú ọ̀dà tuntun tó ń dán, pẹ̀lú bíárìn tó ti kú.

Kí n yára mẹ́nu ba ọ̀nà méjì tó kù láti pa bíárìn. Bí wọ́n bá ti fi ẹ̀rọ adarí eré sí mọ́tò náà láìfi bíárìn tó ní ìdáàbòbò lọ́wọ́ iná sẹ́yìn rẹ̀, kọ́réǹtì á máa fò nínú bíárìn, á ya ìlà kéékèèké tó tẹ̀léra sójú irin. Bó bá sì jẹ́ mọ́tò arúgbó tó ń lo bíárìn oníhò tí wọ́n fi irin funfun oní-tin rọ inú rẹ̀, bí irú èyí tí Isaac Babbitt gba ìwé ẹ̀tọ́ fún ní 1839, irin yẹn máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ ní nǹkan bí 240. Má wá ẹni tó mọ̀ ọ́n rọ. Gbé e lọ sí Òpópónà Igun, sọ fún àwọn oníṣẹ́ idẹ pé kí wọ́n rọ idẹ sí i. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọ́n lè ta orí ọba onídẹ kan fún ọ.

Báyìí, mọ́tò ti padà ṣiṣẹ́. Òórùn ọ̀dà ń ta sánsán. Kọ ìwé ìròyìn: “Bíárìn kò dára. A ti pààrọ̀ rẹ̀.” Ọ̀rọ̀ méje péré. Má kọ ohun tó pa á, má kọ ọjọ́ tí o fi sí i, má kọ nọ́ńbà tí mọ́tò ń gbọ̀n lẹ́yìn tí o tán iṣẹ́.

Ó wá ku òkú bíárìn, èyí ni ibi tí ọ̀pọ̀ òmùgọ̀ ti máa ń ṣàṣìṣe. Bí o bá fi í sílẹ̀ lórí tábìlì, ẹnìkan lè gé òrùka òde rẹ̀ sí méjì kó wò ó. Bí ojú ọ̀nà bọ́ọ̀lù bá wọ́ lọ sápá kan, á mọ̀ pé kò sí lórí ìlà. Bí ihò bá jìnnà síra bí bọ́ọ̀lù ṣe jìnnà síra, á mọ̀ pé òòlù tàbí ọ̀nà Ọ̀rẹ̀ ni. Bí ìlà kéékèèké bá tẹ̀léra yí i ká, á mọ̀ pé iná ló gbà á kọjá. Bó bá jẹ́ aláwọ̀ aró, giríìsì tàbí ooru. Gbogbo ohun tí o ti ṣe láti oṣù Kìíní ló wà níbẹ̀, ó sì máa ṣòro láti jiyàn pẹ̀lú irin. Nítorí náà, kí ọjọ́ tó ṣú, pe àwọn tó ń ra irin àlòkù, kí wọ́n wọ̀n ọ́n ní kìlò, kí o gba owó rẹ̀ fi ra mínírà fún àwọn ọmọ iṣẹ́. Wọ́n á máa pè ọ́ ní ọ̀gá tó lawọ́.

Nígbà tí o bá sì ń lọ ra bíárìn tuntun, má ra ọ̀kan. Ra mẹ́ta.